Ìtàn ìdìbò ẹkùn wa ní Ẹ̀pẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó: ṣé ilé òṣèlú kan ṣoṣo ni a ń dìbò fún láti ìbẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Ìṣèjọba, Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ètò ìṣèjọba. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rán wọn pé kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa ìdìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ẹkùn wa, ìdáhùn tí wọ́n kó bọ̀ sì yàtọ̀ síra débi pé àríyànjiyàn ló gba gbogbo àkókò ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kan ní bàbá àgbà òun sọ pé láti ayé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀, títí di òní, Ẹ̀pẹ́ kò jáde kúrò nínú ilé Awólọ́wọ̀ rí, pé orúkọ ló ń yí padà lára ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní ìyá àgbà òun, tó jẹ́ ará Odò-Rágúnṣin ní Ẹ̀pẹ́ níbí, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró sẹ́yìn àwòrán Ẹyẹ Idì, àmì ẹgbẹ́ NRC, Idì sì wọlé lójú rẹ̀. Ẹni kẹta kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rárá. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí Ẹ̀pẹ́ fi ní aṣojú méjì, tí Alímọ́ṣọ́ tí èrò kún bámúbámú náà sì ní méjì péré.

N kò fẹ́ fi ìméfò dá wọn lóhùn. Ìwé tí a fi ń kọ́ wọn kún fún orúkọ ààrẹ àti gómìnà, ṣùgbọ́n ìjókòó tó sún mọ́ wa jù, níbi tí wọ́n ti ń bu ọwọ́ lu ìnáwó ìpínlẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe òfin ilẹ̀ àti ti oyè ọba, kò gbà ju ìlà méjì lọ nínú ìwé náà. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣe rìn ní ẹkùn wa láti ìgbà tí a ti wà lábẹ́ Ìbàdàn, àti ohun tó sọ wá di Ẹ̀pẹ́ Kìíní àti Ẹ̀pẹ́ Kejì, mo bẹ̀ ẹ́, kó bá mi là á yé àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Bàbá Ejìnrìn:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni èmi náà kí n tó fẹ̀yìntì, inú mi sì dùn pé o rán àwọn ọmọ lọ sí ẹsẹ̀ àgbà. Bàbá àgbà ọmọ àkọ́kọ́ kò parọ́, ìyá àgbà ọmọ kejì náà kò sì parọ́. Jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, Ìbàdàn, olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ni a ń rán aṣojú wa lọ. Nígbà tí òfin ọdún 1954 yọ ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì wà lọ́dọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Nínú ìdìbò ọdún 1951, ará abúlé kì í yan aṣòfin fúnra rẹ̀. Ó ń yan ẹni tí yóò bá a yan ẹlòmíràn, ẹni yẹn ni yóò sì tún lọ bá wọn yan ẹni tí yóò jókòó ní Ìbàdàn. Nígbà tó di ọdún 1956, ìjókòó 80 ló wà nínú ilé náà: Ọlọ́pẹ gba 48, Alákùkọ tí í ṣe NCNC gba 32. Mo mẹ́nu ba iye yìí nítorí pé àwọn ọmọ òde òní máa ń rò pé kò sí alátakò nílẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà náà. Alátakò wà, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdìbò ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 1965, tí Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ (NNDP ti Akíntọ́lá) àti àwọn alátakò wọn fi fa Ìwọ̀-Oòrùn ya, ni ìdìbò ilé aṣòfin tó gbẹ̀yìn kí ológun tó dé ní oṣù kìíní ọdún 1966.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn tì. Fi èyí yé àwọn ọmọ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti ṣẹ̀. Láàárín ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ àti ọdún 1999, ọdún 32 ni. Nínú ọdún 32 yẹn, ìgbà méjì péré ni a ní ilé aṣòfin: láti oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, àti láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1993. Pa á pọ̀, kò ju ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀ lọ. Ẹkùn tó rí aṣòfin fún ọdún mẹ́fà nínú 32, ìgbà wo ni yóò kọ́ bí a ti ń gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn?

Ìdìbò ọjọ́ 21, oṣù keje, ọdún 1979 ṣojú mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni a fi dìbò lọ́dún náà: Sẹ́nétọ̀ ní ọjọ́ 7, ilé aṣojú-ṣòfin ní ọjọ́ 14, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 21, gómìnà ní ọjọ́ 28, a sì dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ. Mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ nígbà náà, wọ́n sì gbà mí ṣe akọ̀wé ní ibùdó ìdìbò kan létí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi gbé àpótí ìbò lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a fi tapólì bò ó nítorí òjò. Àwọn ìyá àgbàlagbà tó dé bi mí pé, "Ta ni a wá dìbò fún lónìí?" Mo sọ fún wọn pé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni. Wọn kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ìmọ́lẹ̀ dà nínú ìwé náà?" Nígbà tí wọ́n rí iná UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ nígbà náà, wọ́n tẹ̀ka sí i, wọ́n bá ọ̀nà oko wọn lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 28, tí ọ̀rọ̀ kan Jákàńdè, olùdíje UPN fún ipò gómìnà, èrò tó jáde ní ibùdó kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Ìjókòó 36 ló wà ní Ilé Aṣòfin Èkó lọ́dún yẹn. UPN gba gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan. Kì í sì í ṣe afọ́jú ni wọ́n fi tẹ̀ka o. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣèlérí, ayé Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn ni wọ́n ti mọ bó ṣe ń rí, Jákàńdè sì kọ́ ilé-ìwé débi pé àwọn ọmọ tó ń lọ ní ọ̀sán kò ní láti dúró de àwọn ti àárọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí bàbá àgbà ọmọ yẹn bá ń sọ̀rọ̀ ilé Awólọ́wọ̀, ohun tó fọwọ́ kàn ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ Idì ló kàn. Ẹgbẹ́ méjì ni ìjọba Babangida dá sílẹ̀: SDP Ẹlẹ́ṣin àti NRC Ẹlẹ́yẹ Idì. Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo àwọn ará Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ wọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó rò pé Ẹlẹ́yẹ lè rí ọwọ́ mú ní Èkó. Àmọ́ ìjà dé nínú ilé. Àwọn ti Dàpọ̀ Ṣàrùmí kọjú sí àwọn ti Fẹ́mi Agbálájọbí lórí ìdìbò abẹ́lé fún ipò gómìnà. Wọ́n fagi lé ìdìbò náà, wọ́n yọ àwọn méjèèjì, Yọ̀mí Ẹdu ni ẹgbẹ́ wá fà kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Jákàńdè tó wà lẹ́yìn Agbálájọbí kò fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọdún 1991, ìta gbangba ni a ti dìbò, tí oníkálukú lọ tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́, tí wọ́n sì ka èèyàn sókè ketekete. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń pariwo Ìmọ́lẹ̀ láti 1979 ló lọ dúró sẹ́yìn Idì yẹn. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí ìlà tèmi. Oṣù mẹ́ta ni a kò fi jẹun nínú abọ́ kan náà. Michael Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Odò-Rágúnṣin, tí Ẹlẹ́yẹ Idì fà kalẹ̀, ló wọlé gómìnà gbogbo ìpínlẹ̀, ó sì wà lórí àga títí Abacha fi lé gbogbo wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Òótọ́ ni ìyá àgbà náà sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ni pé kì í ṣe òde ni a ti ń ja ìjà ìdìbò ní Ẹ̀pẹ́, inú yàrá ni. Nígbà tí yàrá bá ṣọ̀kan, ìdìbò gbogboogbò dà bí ìgbà tí a ń fọwọ́ sí ìwé tí a ti kọ tán. Ọdún 1991 tí ògiri yàrá lanu ni ọmọ ilé gba ibẹ̀ bọ́ sí òdìkejì.

Láti ọdún 1999, o mọ ìyókù. AD (Alliance for Democracy), ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀, ni a dìbò fún ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní ọdún náà. Ní ọdún 2003, PDP gba Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, Èkó nìkan ló kù lọ́wọ́ AD. AD di AC ní 2006, AC di ACN, ACN wọnú APC ní 2013. Orúkọ mẹ́rin nìyẹn láàárín ọdún 14, ọwọ́ kan náà ló sì wà lára àga.

Agbẹjọ́rò Pópó-Ọba:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti sọ èyí tó ṣòro jù, jẹ́ kí n gbé ìbéèrè ọmọ kẹta, nítorí pé òun ni inú mi dùn sí jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìwé Òfin ọdún 1979 sọ pé ìjókòó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye aṣojú-ṣòfin tí ìpínlẹ̀ náà ní ní ilé ìjọba àpapọ̀. Èkó ní 12, ìdí nìyẹn tí ti ilé fi jẹ́ 36 tí Bàbá kà fún wa. Ìwé Òfin ọdún 1999, ní abala 91, tún sọ pé ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ó fi odi sí i: iye náà kò gbọdọ̀ dín sí 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Èkó ní aṣojú-ṣòfin 24 ní Àbújá. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ìbá jẹ́ 72, ṣùgbọ́n odi náà dá a dúró sí 40. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Ìwé Òfin kà fún Èkó, wọ́n sì pín 40 náà ní méjì-méjì láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Ẹ̀pẹ́ Kìíní àti Ẹ̀pẹ́ Kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni Àgbádárìgì, bẹ́ẹ̀ ni Alímọ́ṣọ́. Àwọn orúkọ bíi Abíọ́dún Tóbùn ní Ẹ̀pẹ́ Kìíní, àti Olúṣẹ́gun Olúládé tí Sylvester Ògúnkẹ̀lú gbapò rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ Kejì ní 2019, inú ètò yìí ni wọ́n ti jáde.

Kí àwọn ọmọ mú bírò. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, wọ́n ka èèyàn 181,409 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, wọ́n ka 1,277,714 ní Alímọ́ṣọ́. Pín oníkálukú sí méjì. Aṣòfin Ẹ̀pẹ́ kan ń ṣojú èèyàn bíi 90,700. Aṣòfin Alímọ́ṣọ́ kan ń ṣojú bíi 638,900. Ohùn ará Ẹ̀pẹ́ kan ní Aláùsá, níbi tí ilé aṣòfin Èkó wà, tẹ̀wọ̀n tó ti ará Alímọ́ṣọ́ méje. Mo mọ̀ pé ìjọba Èkó kò gba ìkànìyàn náà, pé wọ́n ní àwọn ju mílíọ̀nù 17 lọ, ṣùgbọ́n iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kà kò pa ìyàtọ̀ náà rẹ́.

Abala 113 ní kí iye èèyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Abala 114 ní kí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, tún ààlà ẹkùn wò, kí ìgbà tí wọn yóò máa wò ó má sì dín sí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ààlà tí a ń lò lónìí, ọdún 1996 ni wọ́n ti fà á, nígbà tí ológun ṣì wà lórí oyè. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lè bí ọmọ tó wà nílé-ìwé.

Mo fẹ́ kí gbogbo ará ilé gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń béèrè pé kí wọ́n fún wa ní ẹkùn kẹta, nítorí pé ilẹ̀ wa gbòòrò, láti etí ọ̀sà dé Agbówà, àti pé ọ̀nà abúlé kò dára. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí INEC bá mú ìwé ìkànìyàn jókòó lónìí láti tún ààlà fà, èèyàn ni òfin ní kí wọ́n kà, kì í ṣe ilẹ̀. Bí a bá pín 9,113,605 tí wọ́n kà fún gbogbo Èkó lọ́dún 2006 sí ọ̀nà 40, ẹkùn kan yóò jẹ́ bíi 227,800. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ pátápátá kò tó iye yẹn. Ẹni tó ń béèrè mẹ́ta lè bá ọ̀kan bọ̀ sílé. Nítorí náà, ìkànìyàn tó ń bọ̀ ni kí a mú ní òkúnkúndùn, kí àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí àti Ìkẹjà tí wọ́n ń sùn ní Ẹ̀pẹ́ jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́. Àlejò ni mo jẹ́ láàárín yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí jọ ti wa. Èmi àti Bàbá Ejìnrìn kò fẹnu kò níbì kan, kí Bàbá má bínú. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ọkàn àwọn èèyàn wà nínú ilé kan, kò sì lè kúrò. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìṣirò ni àwọn àgbà ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà, omi àti dókítà ń bọ̀ láti Aláùsá, wọ́n sì gbà pé aṣòfin tó bá wà nínú ẹgbẹ́ alátakò yóò jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ Ògù, sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé òun kò fẹ́ràn ẹni tí òun dìbò fún, pé ọ̀nà tó dé ẹnu ọ̀nà òun ni òun dìbò fún. Ọ̀nà náà kò tíì dé, ìyá náà sì tún dìbò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ẹ wo ọdún 2015. Akínwùnmí Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́ yín, ní 811,994, Jimi Agbájé ní 659,788. Ìdìbò náà sún mọ́ra gan-an, PDP sì gba ìjókòó mẹ́jọ nínú 40 ní ilé aṣòfin. Àwọn ibi bíi Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti rí wọn gbà, níbi tí àwọn èèyàn ti wá láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀, tí ẹni kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ retí pé aṣòfin yóò gbẹ́ kànga fún òun. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jọ tó ti Ẹ̀pẹ́ jáde. Kí àsìkò wọn tó pé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ yẹn ti rékọjá sínú APC. Ní 2019, APC gba gbogbo 40. Bí aṣòfin tó wọlé lábẹ́ alátakò kò bá lè dúró síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ẹ wò ó, kí ni ará abúlé yóò rí nínú rẹ̀?

Bàbá Ejìnrìn:

Ọmọ Àgbádárìgì, n kò bínú rárá, o sì ti fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ mi. Mo gbà pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Kìkì pé àwọn ìyá tí mo rí ní 1979 kò ṣe ìṣirò, nítorí pé kò sí ẹni tó tíì wà lórí àga lọ́jọ́ náà; ológun ló ń ṣèjọba, ẹgbẹ́ márùn-ún ló dúró níwájú wọn, wọ́n sì lè mú èyí tó wù wọ́n. Ìfẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò tí o ń sọ yìí, lẹ́yìn 1999 ló wọ inú rẹ̀, nígbà tí àwọn tó fi ìfẹ́ tẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìtóìkín:

Ẹ jọ̀wọ́, kí a má gbàgbé ọ̀rọ̀ káńsù. Ìjọba Tinubu fi òfin ilé aṣòfin Èkó sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57 lápapọ̀ ní 2003, Ẹ̀pẹ́ sì di mẹ́ta: Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, Erédò, àti Ìkòsì-Ejìnrìn. Ní ọdún 2004 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ètò náà kò tíì parí títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo ni a jẹ́ nínú Ìwé Òfin. Èyí já sí pé káńsù mẹ́ta ló ń du ìjókòó méjì ní Aláùsá àti ẹyọ kan ní Àbújá. Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ju èyí lọ: "Àwọn ti apá ọ̀hún ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó kan tiwa." Ìjà ìlú ńlá àti ti abúlé ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì rò pé ó jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Nínú Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ pàápàá, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ ti sá kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1851.

Ohun tí Bàbá pè ní yàrá, òfin ti fún un ní ìlànà. Nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ìdìbò ọdún 2022, abala 84 rẹ̀ là á sílẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ fi lè yan olùdíje nígbà náà: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹnu kò, gbogbo àwọn olùdíje yòókù tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn gbà. Mo ti lọ dúró nínú ìlà ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kan rí ní wọ́ọ̀dù wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní èsì ti jáde. Kò sí ẹni tó ka ìlà wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ mi, tí mo sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù sínú ìwé kan, kí wọ́n má baà sọ fún wa pé a kò wá.

Olùkọ́ Ìṣèjọba, Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etí àwọn ọmọ lónìí. Ọmọ tó béèrè nípa Alímọ́ṣọ́ gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tún ìṣirò Agbẹjọ́rò ṣe, ó sì ṣe tàwọn aládùúgbò wa kún un. Ó rí i pé aṣòfin Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kan ń ṣojú èèyàn bíi 58,700, ti Àgbádárìgì bíi 120,500, ti Ìkòròdú bíi 267,800. Ó wá bi mí pé ẹni tó fa ààlà ní 1996, ṣé ilẹ̀ ló kà ni, àbí èèyàn? Mo ní ìjọba ìbílẹ̀ ló kà.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Ọmọbìnrin Odò-Rágúnṣin ní òun pẹ̀lú fẹ́ díje lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni òun yóò ti ṣe é, nítorí pé Ṣómólú ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé.

Agbẹjọ́rò Pópó-Ọba:

Sọ fún un pé kò pọn dandan. Abala 106 béèrè pé kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kó wà nínú ẹgbẹ́ tí yóò fà á kalẹ̀, kó sì pé ọmọ ọdún 25. Ọgbọ̀n ọdún ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n dín in kù. Òfin kò béèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Adéyẹmí Ìkúfọ̀rìjí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ Abẹnugan ilé láti 2005 sí 2015, Ìkẹjà ló ṣojú fún. Bí ọmọ wa bá lè ṣojú Ìkẹjà, ọmọ Ṣómólú tí ìyá àgbà rẹ̀ wà ní Odò-Rágúnṣin lè ṣojú wa.

Bàbá Ejìnrìn:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Olùkọ́, bí àwọn ọmọ náà bá ráyè ní ọjọ́ Sátidé, mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi yóò wà níbẹ̀, ẹni tó dúró sẹ́yìn Idì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ó sì ní ohun tí òun rí lọ́jọ́ náà kò jọ ohun tí èmi kọ sókè yìí. Kí ọmọbìnrin yẹn mú ìyá àgbà rẹ̀ dání, bí ara ìyá bá gbé e.